Bí a ṣe ń ya Jòhánù 21 sórí àdìrẹ ẹlẹ́kọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí pé báwo lèèyàn ṣe ń ya ìtàn Bíbélì sórí àdìrẹ, tẹ́ ẹ fẹ́ nǹkan tẹ́ ẹ máa gbé kọ́ sára ògiri níbi tẹ́ ẹ ti ń gbàdúrà nílé, tí ò sì ní í jẹ́ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ sún mọ́bí. Mi ò ní í gé e kúrú o, torí iṣẹ́ ọ̀hún fúnra ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kíákíá. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ la fẹ́ ṣe, kì í ṣe oníko tí wọ́n ń dì, kì í sì í ṣe alábẹ́là tó kún Òṣogbo báyìí. Alábẹ́là dáa, ó yá, àwọ̀ ẹ̀ sì máa ń pọ̀, àmọ́ orí iná ni wọ́n ti ń yọ́ àbẹ́là yẹn, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ ọ tí ọmọdé sì ń sáré kiri nínú ilé, kó fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ẹlẹ́kọ ní tiẹ̀, láfún ni, ìyẹ́ adìẹ ni, aṣọ funfun àti aró, ó tán. Ìlú aró sì ni wọ́n ń pe Òṣogbo, ká wá máa ra àwòrán Jésù tí wọ́n tẹ̀ ní Ṣáínà wálé, èmi ò rí bó ṣe bá a mu.

Ká tó gbé láfún kaná, ẹ jẹ́ ká yanjú ẹjọ́ kan, torí ẹnì kan á dá a sílẹ̀ nínú ilé yín, ó lè jẹ́ dádì, ó lè jẹ́ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì: ṣé Ẹ́kísódù 20 ò ní ká má yá ère ni? Ó ní bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má pa ìwé dé níbẹ̀, ẹ ṣí i lọ sí orí 26, Ọlọ́run kan náà ló pàṣẹ aṣọ títa mẹ́wàá fún àgọ́, ọ̀gbọ̀ àti aṣọ aláró, elésè àlùkò àti òdòdó, ó sì ní kí wọ́n ṣe kérúbù sí i lára. Aṣọ tí wọ́n pa láró, tó ní àwòrán, nínú ilé Ọlọ́run nìyẹn o. Ẹ tún wo Nọ́ńbà 15 láti ẹsẹ 38, níbi tó ti ní káwọn ọmọ Ísírẹ́lì fi ọ̀já aláró sí wajawaja etí aṣọ wọn, ó sì sọ ìdí ẹ̀ fún wọn, pé kí wọ́n lè máa wò ó kí wọ́n rántí òfin Olúwa kí wọ́n sì ṣe é. Wíwò àti rírántí. Ìdí táwa náà fi fẹ́ ṣe aṣọ tiwa nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tó ti ń dìdàkudà náà wà nínú Bíbélì kan náà: ejò idẹ tí Mósè gbé kọ́ nínú aginjù, Olúwa ló ní kó ṣe é, àmọ́ nígbà tó dé ayé Hesekáyà àwọn èèyàn ti ń sun tùràrí sí i, ọba sì fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ó wà nínú Àwọn Ọba Kejì orí 18. Pé Ọlọ́run ló pàṣẹ ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò gbà á. Torí náà tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ pé ẹnì kan ń da òróró sára aṣọ tẹ́ ẹ yà, tàbí ó ń fi bo ọmọ tí ara ẹ̀ gbóná, ẹ tètè ká a kúrò lára ògiri.

Aró ńkọ́? Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn ìyá aláró àtijọ́ máa ń bọ Ìyá Mápó, òun ni wọ́n gbà pé ó ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, aró rírẹ àti ìkòkò mímọ, torí ẹ̀ làwọn kan ṣe ń sọ pé kí Kìrìsìtẹ́nì má sún mọ́ ìkòkò aró. Mi ò bá wọn lọ síbẹ̀. Ewé èlú ni, eérú ni, omi ni, ta ló dá ewé? Lídíà tó gba Pọ́ọ̀lù sílé ní Fílípì, aṣọ elésè àlùkò ló ń tà, Bíbélì ò sì sọ níbì kankan pé wọ́n ní kó pa ṣọ́ọ̀bù dé kó tó ṣèrìbọmi.

A ò sì ní í jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Nígbà tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí oyè ní 1935, àwọn ìyá aládìrẹ gbé òun àti Ayaba Mary sórí aṣọ, bátànì tí wọ́n ń pè ní Olóba nìyẹn. Tí ọba ìlú òyìnbó bá lè wọ inú àdìrẹ, ṣé Ọba àwọn ọba ni ò ní í lè wọ̀ ọ́? Ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, láti 1947, Fàdá Kevin Carroll àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kó agbẹ́gilére, ahunṣọ àtàwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ jọ pé kí wọ́n fi ọwọ́ Yorùbá ṣe iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, George Bándélé agbẹ́gilére, ọmọ Aréògún, wà níbẹ̀, Lámídì Fákẹ́yẹ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ sì jẹ́ Mùsùlùmí, síbẹ̀ ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ṣọ́ọ̀ṣì. Nílé wa ní Òṣogbo níbí, Àṣírù Ọlátúndé tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ máa ń lu ìtàn Bíbélì sórí páànù alumíníọ̀mù. Bruce Onobrakpeya náà tó wá sí wọ́kíṣọ́ọ̀bù nílùú yìí ya ibùdó mẹ́rìnlá Ọ̀nà Àgbélébùú, 1969 ló tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ èyí tó yẹ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn jù ni ti Dúró Ládípọ̀ tó ń ṣe eré orí ìtàgé, ní nǹkan bí 1961 ó kọ orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní Òṣogbo, ó kó ìlù ìbílẹ̀ wọlé, àwọn kan bínú gan-an, ó sì gbé iṣẹ́ ẹ̀ jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tó fi máa di 1962 òun àtàwọn Ulli Beier, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, ti ṣí Mbárí Mbáyọ̀, ibùdó iṣẹ́ ọnà àti eré, sílé ẹ̀. Ẹ wá sọ fún mi lónìí, ṣọ́ọ̀ṣì mélòó ló kù ní Òṣogbo tí ò ní gángan? Nítorí náà tí wọ́n bá kọ́kọ́ fajú ro sí aṣọ yín, ẹ rọra.

Ó yá, ká bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nǹkan tó le jù níbẹ̀ kì í ṣe aró, kì í ṣe ẹ̀kọ, ẹsẹ Bíbélì tẹ́ ẹ máa yà ni. Ìdí ni pé bí ẹlẹ́kọ ṣe ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí bírò àti ìwé. Ibi tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀kọ sí, aró ò ní í ráyè wọ̀ ọ́, ibẹ̀ ló máa mọ́lẹ̀, ibi tẹ́ ẹ bá sì fi sílẹ̀ lásán ló máa dúdú. Kì í ṣe òkùnkùn lẹ̀ ń yà rárá, ìmọ́lẹ̀ lẹ̀ ń yà, òkùnkùn á wá fúnra ẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé kẹ́ ẹ tó ti ìyẹ́ bọ ẹ̀kọ, ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà nínú ìtàn yẹn, tí ẹ ò bá sì mọ̀ ọ́n, ẹ ò tíì ka ìtàn náà nìyẹn. Ẹ kà á láàárọ̀, ẹ kà á lálẹ́, ẹ ní kí ọmọ kékeré kan kà á sí yín létí, kẹ́ ẹ wá béèrè pé níbo gan-an ni nǹkan ti mọ́lẹ̀ níbí yìí. Ẹ má mú ìtàn tó gùn. Àwọn kan á ní àwọn fẹ́ ya Jẹ́nẹ́sísì látòkè délẹ̀, wọ́n á ya ọgbà, wọ́n á ya ọkọ̀ Nóà, wọ́n á ya ilé ìṣọ́ Bábélì, wọ́n á sì rí aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tóun máa wò. Obìnrin tó tan fìtílà wá owó ẹyọ kan nínú Lúùkù 15 dáa. Pétérù nínú túbú ní Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 12 dáa, ìmọ́lẹ̀ wọ inú yàrá ẹ̀ lóru. Igbó tó ń jó tí ò run náà dáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo èèyàn ló ń ya ìyẹn.

Èyí tí mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ ni Jòhánù 21. Ẹ mọ ìtàn náà: lẹ́yìn àjíǹde, àwọn ọmọ ẹ̀yìn méje lọ pẹja ní òkun Tìbéríà, wọ́n ṣe é mọ́jú, wọn ò rí nǹkan kan mú. Nígbà tílẹ̀ mọ́ ẹnì kan dúró létí omi, wọn ò mọ̀ pé Jésù ni, ó ní kí wọ́n ju àwọ̀n sápá ọ̀tún ọkọ̀, àwọ̀n kún, 153 ẹja ńláńlá, àwọ̀n ò sì ya. Bí ọmọ ẹ̀yìn tí Jésù fẹ́ràn ṣe ní Olúwa ni, Pétérù di ẹ̀wù ẹ̀ mọ́ra, ó bẹ́ sómi. Báyìí, níbo ni ìmọ́lẹ̀ wà? Ọ̀pọ̀ èèyàn á dáhùn pé inú àwọ̀n, torí ẹja ló pọ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ ni ìyanu náà ti ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ la sì fẹ́ràn jù nígbà tá a bá ń wàásù ìbùkún. Ẹ ka ẹsẹ 9. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, iná ẹyín ti wà níbẹ̀, ẹja ti wà lórí ẹ̀, búrẹ́dì sì wà. Ẹja ti wà lórí iná kí ẹja tiwọn tó dé èbúté! Lẹ́yìn ìyẹn ló tó wá ní kí wọ́n mú nínú èyí tí wọ́n pa wá. Ibẹ̀ ni mo rò pé ìmọ́lẹ̀ wà, ní ibi iná kékeré yẹn, lọ́wọ́ ẹni tó ti dáná oúnjẹ sílẹ̀ fún àwọn tí ò rí nǹkan kan mú ní gbogbo òru. Nǹkan míì tún wà níbẹ̀ tó máa ń gbà mí lọ́kàn, iná ẹyín lójú ìwé Jòhánù ṣẹlẹ̀ níbi méjì, èyí àti ti orí 18 ní àgbàlá àlùfáà àgbà, níbi tí Pétérù ti ń yáná tó sì ń sọ pé òun kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn ọkùnrin náà. Ẹ wo Pétérù tó gòkè látinú omi wá, aṣọ ẹ̀ ń kán tótó, tó tún bá iná ẹyín níwájú.

Ẹja ní Òṣogbo kì í ṣe nǹkan lásán, mo mọ̀. Ẹja wà nínú ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ ìlú yìí dó, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun. Àlejò tó bá wọlé yín tó rí ẹja lórí aṣọ aláró, Ọ̀ṣun ló máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ẹ má jẹ́ kíyẹn dẹ́rù bà yín, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Ẹ fi iná tó wà lábẹ́ ẹja náà hàn án, ẹja tí wọ́n sun fún àwọn tébi ń pa ni, ẹ wá sọ ìtàn náà fún un. Ohun tí aṣọ yẹn wà fún nìyẹn.

Aṣọ kọ́tìnnì funfun ni kẹ́ ẹ rà, yáàdì kan ààbọ̀ tó, kó má ní rọ́bà nínú torí aró èlú kì í mú aṣọ rọ́bà. Ẹ fọ̀ ọ́ kí stáàṣì ilé iṣẹ́ kúrò lára ẹ̀, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́. Kẹ́ ẹ wá ká a sí mẹ́ta níbùú, ká a sí mẹ́ta lóròó, kẹ́ ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kójú ibi tẹ́ ẹ ti ká a hàn. Tẹ́ ẹ bá tú u, àpótí mẹ́sàn-án lẹ máa rí. Bí àwọn ìyá aládìrẹ ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, àpótí àpótí, bátànì tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn náà bẹ́ẹ̀ ló rí, òpó gbọ̀ngàn Mápó àti ṣíbí wà nínú ẹ̀. Tiwa, ìlà òkè ni òru. Ẹ má fi ẹ̀kọ púpọ̀ síbẹ̀, ẹ ya ọkọ̀ ojú omi tínrín, orí méje, àwọ̀n tí nǹkan kan ò sí nínú ẹ̀, kí ìyókù dúdú. Ìlà àárín, ẹ fi Pétérù sápá òsì nínú omi, àwọ̀n tó kún sápá ọ̀tún, iná sì ni kó wà láàárín gbùngbùn, ẹja méjì lórí ẹ̀, búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlà ìsàlẹ̀ ni èbúté, ẹsẹ̀ tó tẹ iyanrìn, àti ọwọ́ tó ń na búrẹ́dì jáde. Ẹni tó bá fẹ́ tò 153 àmì kéékèèké sínú àwọ̀n, kó tò ó, àwọn ọmọdé á sọ ọ́ di eré, wọ́n á máa kà á fún yín lójoojúmọ́ títí á fi sú yín.

Ẹ ríi pé ọwọ́ ni mo sọ, mi ò sọ ojú. Mi ò ní kẹ́ ẹ má ya ojú Jésù o, àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ìyẹ́ adìẹ yàwòrán, tó bá ya ojú, ojú kàlẹ́ńdà ló máa jáde, imú tínrín, irun gígùn, ẹni tí a ò bá pàdé rí. Ẹsẹ 12 tiẹ̀ sọ pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tó bi í pé ta nìwọ, torí wọ́n mọ̀ pé Olúwa ni. Ọwọ́ tó. Ẹ fi ẹ̀kọ kun gbogbo ọwọ́ náà, kẹ́ ẹ wá fi àyè tó tó orí ìṣáná kan sílẹ̀ láàárín àtẹ́lẹwọ́, kẹ́ ẹ má fi nǹkan kan kàn án. Aró á wọ ibẹ̀ nìkan. Tẹ́ ẹ bá fọ ẹ̀kọ kúrò, ojú ìṣó á ti wà níbẹ̀, dúdú, lórí ọwọ́ tó mọ́. Ẹ̀yin kọ́ lẹ yà á, aró ló yà á.

Ẹ̀kọ ló kàn. Láfún lẹ máa lò, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi asẹ́ tó kúnná jọ̀ ọ́, torí kóro kékeré kan tó bá wà nínú ẹ̀ á ba ojú ìyẹ́ yín jẹ́. Ẹ fi omi tútù pò ó kó má ṣù, ẹ jẹ́ kí álọ́ọ̀mù díẹ̀ wọ̀ ọ́, àwọn àgbà aládìrẹ tún máa ń fi kọ́pà sọ́féètì bín-ń-tín sí i, èyí táwọn àgbẹ̀ fi ń fín kòkó, kí ẹ̀kọ náà lè dúró dáadáa. Májèlé nìyẹn, kí ìkòkò tẹ́ ẹ bá fi sè é má padà sí kíṣìnnì láéláé, ẹ lẹ bébà mọ́ ọn. Ẹ gbé e kaná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ máa rò ó títí á fi ki tó kọ́sítáàdì, kò gbọdọ̀ ṣàn, kò sì gbọdọ̀ le débi tí ìyẹ́ ò fi ní í lè fà á. Ẹ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó tutù tán.

Ìyẹ́ adìẹ tó gùn, tí ẹnu ẹ̀ le, ni kẹ́ ẹ wá, ti apá ló dáa jù. Ẹ gé ẹnu ẹ̀ sí wẹ́rẹ́ fún ìlà tínrín, kẹ́ ẹ fi òmíì sílẹ̀ ní fífẹ̀ fún kíkún. Ọwọ́ ìgbálẹ̀ ló máa ń to àmì kéékèèké, òòyà ló ń ṣe omi: ẹ kun ẹ̀kọ sójú àpótí kan, kẹ́ ẹ fa òòyà kọjá lórí ẹ̀ ní kọ́rọkọ̀rọ, ìgbì ti jáde nìyẹn. Ní Abẹ́òkúta páànù tí wọ́n gé ni wọ́n ń gbé lé aṣọ tí wọ́n sì ń fi ẹ̀kọ pa á, ó yára, àmọ́ fún ohun tá à ń ṣe yìí, ìyẹ́ ni mo fara mọ́, nítorí kò ní í jẹ́ kẹ́ ẹ sáré. Ojú kan aṣọ náà nìkan lẹ máa kùn, ẹ má yí i padà. Láti àárín ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, láti ibi iná, nígbà tí ọwọ́ yín ò tíì rẹ̀, kẹ́ ẹ máa bọ̀ síta, kẹ́ ẹ sì ṣọ́ apá ọwọ́ yín kó má nu èyí tẹ́ ẹ ti yà. Àdúrà ibẹ̀ ò ní láti pariwo. Ẹ fi ẹsẹ kan sẹ́nu, bíi ẹsẹ 12 tó ní ẹ wá jẹun òwúrọ̀, kẹ́ ẹ máa tún un sọ bí ìyẹ́ ṣe ń lọ. Tí orúkọ ẹnì kan bá sọ sí yín lọ́kàn, ẹni tó ti ṣe é mọ́jú tí ò rí nǹkan kan mú, ẹ dárúkọ ẹ̀ síbẹ̀ kẹ́ ẹ tẹ̀ síwájú. Fóònù, ẹ gbé e sí yàrá míì jàre.

Ẹ sá a sóòrùn títí gbogbo ẹ̀kọ á fi gbẹ táútáú, ó lè gbà tó ọjọ́ méjì nígbà òjò. Ẹ má ká a. Tí ẹ̀kọ bá là díẹ̀díẹ̀, kò sí wàhálà, aró á wọ ojú ibi tó là á sì fi iṣan sí aṣọ lára, èmi fẹ́ràn ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aró ní ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ lọ bá ẹni tó ń rẹ aró, wọ́n ṣì wà ní Òṣogbo, ibi iṣẹ́ tí Màmá Níkẹ̀ Okundaye, gbajúmọ̀ aládìrẹ, dá sílẹ̀ náà ń kọ́ èèyàn. Ewé èlú tí wọ́n gún tí wọ́n ṣù tí wọ́n sá gbẹ ni, wọ́n á fi omi eérú rẹ ẹ́ sínú ìkòkò fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan títí á fi gbó, òórùn ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ sanwó fún wọn dáadáa, kẹ́ ẹ má lọ máa ná an mọ́ wọn lọ́wọ́ torí pé iṣẹ́ Olúwa lẹ̀ ń ṣe. Ọ̀nà kejì ni aró ìgboro, èyí tí wọ́n ń fi kẹ́míkà méjì, káúsítíìkì àti haidírọ́ọ̀sì, pò, àwọn tó ń tà á á wọ̀n ọ́n fún yín. Báyìí o, káúsítíìkì lẹ ń dà sínú omi, ẹ ò gbọdọ̀ da omi lé káúsítíìkì lórí láéláé, á ta sí yín lójú. Ẹ wọ glọ́ọ́fù, ẹ bo imú, ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kí ọmọdé kankan má sí nítòsí, ike tàbí ìkòkò amọ̀ ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe alumíníọ̀mù, á jẹ ẹ́. Omi yẹn á gbóná fúnra ẹ̀, ẹ dúró kó tutù pátápátá, torí omi gbígbóná á tú ẹ̀kọ yín dànù.

Ẹ fi omi tútù rin aṣọ náà díẹ̀, kẹ́ ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ rì sínú aró, ẹ má fọwọ́ ra á, ẹ má fún un. Ìṣẹ́jú bíi márùn-ún, ẹ gbé e sókè, ẹ ta á sórí igi. Ẹ wò ó dáadáa nígbà tó bá jáde, torí ọ̀pọ̀ máa ń rò pé ó ti bà jẹ́: kì í jáde ní búlúù. Àwọ̀ ewé tó ti fẹ́ pọ́n ló máa ń gbé jáde, kí atẹ́gùn tó fẹ́ sí i. Láti etí ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ máa rí i tí búlúù á máa rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí aṣọ lójú ara yín, níbi tí atẹ́gùn bá ti kàn án, ibi tó bá ká pọ̀ ló máa kẹ́yìn. Inú ìkòkò kọ́ ni aró ti ń mú, inú atẹ́gùn ni. Mo mọ àwọn tó ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì látọmọdé, tí wọ́n wà nínú omi dáadáa, tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n jáde sínú ayé tí nǹkan fẹ́ lù wọ́n la tó mọ àwọ̀ tí wọ́n mú. Ẹ fi í sílẹ̀ tó bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kẹ́ ẹ tún rì í.

Ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lẹ máa rì í, ẹni tó fẹ́ kó dú gan-an lè ṣe jù bẹ́ẹ̀. Lásìkò tó bá ń gba atẹ́gùn yìí, ẹ ka ìyókù Jòhánù 21, láti ẹsẹ 15, níbi tí Jésù ti bi Símónì ọmọ Jónà lẹ́ẹ̀mẹ́ta bóyá ó fẹ́ràn òun, létí iná kan náà, lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ ka ìbéèrè kan fún rírì kan. Mi ò sọ pé torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rẹ aró lẹ́ẹ̀mẹ́ta o, àmọ́ níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ ṣì ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti jókòó, kí ni kan tún lẹ fẹ́ ṣe? Ẹ̀ẹ̀kẹta ni inú Pétérù bàjẹ́. Ẹ má sáré kọjá níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ohun tóun ti sẹ́, kó sọ ọ́ nígbà yẹn.

Lẹ́yìn rírì ìgbẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kó gbẹ tán pátá kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀kọ. Ẹ wá rẹ ẹ́ sínú omi tútù, kẹ́ ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tàbí ọ̀bẹ tí ò mú họ ọ́, á máa ṣí kúrò pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Ẹ ṣan án títí omi ẹ̀ á fi mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń retí funfun báláú, ẹ má bínú, nítorí ojú kan la fi ẹ̀kọ sí, aró á ti gba ẹ̀yìn wọlé díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yín á ní búlúù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ nínú. Bí ẹlẹ́kọ ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹlòmíì á fi blíìṣì lé e kó lè funfun, mi ò gbà bẹ́ẹ̀, aṣọ náà á gbó, iná náà á sì dàbí gílóòbù iléeṣẹ́. Iná ẹyín ní àárọ̀ kùtùkùtù, tí òru ṣì wà lára ilẹ̀, mo rò pé búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn sún mọ́ ọn ju funfun lọ.

Ibi òjìji ni kẹ́ ẹ sá a sí. Láyé àtijọ́ wọ́n máa ń fi òòlù igi lù ú lórí ìtì igi kó lè máa dán, áyọ́ọ̀nù lásán náà tó. Ẹ rán òkè ẹ̀ kí igi lè gbà á kọjá, ẹ má kàn án níṣòó. Kó má jẹ́ ibi tí oòrùn á ti máa jó o, àti pé èmi ò ní í kọ́ ọ sí pálọ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, ẹ wá ibi táwọn ará ilé ti ń jẹun, torí ìtàn oúnjẹ ni. Ní ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ gbé e kọ́, ẹ má ṣàlàyé ẹ̀, ẹ pe ẹni tó kéré jù nínú ilé, kó sọ ohun tó rí látòkè dé ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ tó ṣí Bíbélì. Èyí tó bá rí tẹ́ ẹ̀yin ò mọ̀ pé ẹ yà, ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn aṣọ pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹ̀. Tó bá dọ̀tí, omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀, ní òun nìkan, ẹ má pa á pọ̀ mọ́ aṣọ funfun oníṣọ́ọ̀ṣì yín, torí aró tuntun máa ń ṣí fún ìgbà bíi méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ ò sì ní í fẹ́ kí sùtánà fàdá di aláró.